Iyọ̀ Tí Dókítà Fún Norbey

Yorlany ọmọ mi,

Ó dára tí ilẹ̀ mọ́ bá ọ ní Medellín. Èmi bàbá rẹ wà láàyè, ara mi le, àfi orúnkún òsì tí kì í fẹ́ gbúròó òjò. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa lórí òkè yìí kò ní fojú fo ìwọ tó wà láàárín èrò; bí o ṣe ń jáde láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wàá máa wọlé. Kọfí ti ń pọ́n nísàlẹ̀ oko, adìyẹ dúdú pa ọmọ mẹ́sàn-án, àwòdì gbé ọ̀kan. Mo mọ̀ pé o ra fóònù fún mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gùn, ẹ̀rù sì ń bà mí kí owó inú rẹ̀ má tán lójú ọ̀nà, kí ìdajì ọ̀rọ̀ mi wá há sórí òkè. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò.

Ọ̀rọ̀ Norbey àbúrò rẹ ni. O kò sí nílé nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi sùn, ó ń fi àtùpà ká kọfí lóru, ó kun ilé wa ní àwọ̀ ọsàn, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹní ń da àgbàdo sórí páànù, ó sì pe gbogbo abúlé jọ pé òun máa kọ́ pápákọ̀ òfurufú sẹ́yìn ilé wa. Kí n má parọ́ fún ọ, inú mi dùn. Mo ní ọmọ mi ti já fáfá. Ìgbà tó wá ṣubú lulẹ̀, tó kọjú sógiri, tí kò wẹ̀ tí kò jẹun, ìyẹn ni mo pè ní àìsàn. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń wá síbí lọ́jọ́bọ̀, ó fún un ní oògùn ìbànújẹ́, nítorí ìbànújẹ́ nìkan ni mo sọ fún un. Ta ló ń lọ fẹjọ́ ayọ̀ ọmọ rẹ̀ sùn lọ́dọ̀ dókítà? Àṣé oògùn yẹn á tún gbé e sókè ni. Kò pé oṣù kan tó fi gun òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń wàásù fún àwọn ìbaaka. Ọlọ́pàá mẹ́ta ló sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Norbey Wèrè, Màmá Rosmira aládùúgbò wa kò sì jẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ gba iwájú ilé wa kọjá mọ́.

Nílé ìwòsàn ńlá, wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù. Ó ń béèrè bóyá ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa ti ní irú rẹ̀ rí. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìdílé wa kò jalè rí, a kì í sì í sùn nínú ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí mo rò pé orúkọ wa ni wọ́n fẹ́ bà jẹ́. Dókítà náà, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ximena, tí kò lè ju ẹgbẹ́ rẹ lọ, kà á, kò rẹ́rìn-ín. Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ mi. Ó ní, “Bàbá, mi ò bi yín bóyá èèyàn dáadáa ni yín. Ta ló ti ń lọ sókè lọ sódò báyìí rí nínú ilé yín?”

Yorlany, mo wá sọ ohun tí mi ò sọ fún ìyá yín títí tó fi kú. Mo ní àbúrò kan, Tulio. Kò sẹ́ni tó mọ gìtá ta tó o lágbègbè yìí. Nígbà tí tirẹ̀ dé, bàbá wa tì í mọ́ yàrá tí a ń kó kọfí sí, èmi ni mo ń ti oúnjẹ gba abẹ́ ilẹ̀kùn fún un. Ọdún mẹ́rin. Ibẹ̀ ló kú sí. Mo sunkún níwájú ọmọ kékeré yẹn, Norbey jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Dókítà ní kì í ṣe èpè, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ó ní bàìpólà ni wọ́n ń pè é. Mo bi í pé ìlú wo ló ti wá. Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọkàn ní ìpẹ̀kun méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọkàn tiwa ń rọra rìn láàárín wọn, ti Norbey ń sáré dé òpin. Ó ní ó máa ń rìn nínú ẹbí bí etí gbọọrọ ṣe ń rìn, pé kì í lọ pátápátá, ṣùgbọ́n apá ń ká a.

Oògùn tó fún un, ó ní irú iyọ̀ kan ni, tí wọ́n ń wà jáde láti inú ilẹ̀. Mo délé, mo rò ó títí: bí ọmọ mi bá ń gbé iyọ̀ mì láàárọ̀ àti lálẹ́, tí mo tún ń fi iyọ̀ sí ẹ̀wà rẹ̀, ṣé mo fẹ́ kó di ẹja gbígbẹ ni? Láti ìgbà tí ìyá yín ti lọ, èmi ni mò ń dáná, tèmi ló sì ṣẹ. Mo kó gbogbo iyọ̀ ilé fún màlúù Màmá Rosmira. Ọ̀sẹ̀ méjì ni a fi jẹ àkàrà àgbàdo arepa láìsí iyọ̀, ẹ̀wà láìsí iyọ̀. Ọwọ́ Norbey bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ń bì, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí. Màmá Rosmira ní májèlé ni dókítà ń fún un, kó dà á sódò. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ tirẹ̀.

Norbey fúnra rẹ̀ ló ní kí n pe ilé ìwòsàn. Obìnrin kan dáhùn, ohùn rẹ̀ dùn, mo kí i, mo béèrè àwọn ọmọ rẹ̀, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, òun ń sọ pé kí n tẹ oókan, kí n tẹ eéjì, kò tiẹ̀ ní kí n pẹ̀lẹ́. Norbey gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ní ẹ̀rọ nìyẹn. A wọ jíìpù, a lọ.

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, iyọ̀ oògùn ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Dókítà béèrè ohun tó ń jẹ. Nígbà tí mo jẹ́wọ́, ó ṣàlàyé pé bí ara kò bá rí iyọ̀ ọbẹ̀ mọ́, ṣe ló máa di ti oògùn mú ṣinṣin, tí kò ní jẹ́ kó jáde. Ó ní kó jẹun bó ṣe ń jẹ tẹ́lẹ̀, kó máa mu omi dáadáa, kó má sì yẹ ọjọ́ tí wọ́n bá ní kó wá kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Mo ti rò pé ńṣe ni wọ́n ń ta ẹ̀jẹ̀ yẹn. Ọjọ́ mẹ́fà ló lò lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo jókòó tì í, mo ní kó forí jì mí.

Ó ní, “Bàbá, ẹ fẹ́ fi ẹ̀wà pa mí, àmọ́ ẹ ò tì mí mọ́ yàrá.”

Ó ti di oṣù márùn-ún. Ó ń sùn, ojúmọmọ ló ń ká kọfí. Ọjọ́ mìíràn á ṣú dẹ̀dẹ̀, á sì sọ fún mi pé òun ṣú lónìí, a ó jọ jókòó. Ó ní ìgbà mìíràn, àárò ìgbà tí òun ń fò máa ń sọ òun. Mi ò bá a jà sí i.

Wàyí o, iṣẹ́ tí o fohùn rán sínú fóònù, mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo rò pé bí mo bá tún un gbọ́, wàá yí i padà. O ní kí èmi nìkan wá síbi ìgbéyàwó rẹ, pé o ti sọ fún àwọn òbí ọkọ rẹ pé àbúrò rẹ ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Sípéènì. Mi ò bínú. Ojú ló ń tì ọ́, ojú ti tì mí jù ọ́ lọ rí. Àmọ́ Norbey wà níbẹ̀ nígbà tí fóònù ń sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó lọ fọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀.

Nítorí náà, ọmọ mi, jọ̀ọ́, owó ọkọ̀ ẹni méjì ni kí o fi ránṣẹ́. Bí o bá fi ti ẹnì kan ránṣẹ́, Norbey ni màá fún, kó wá fà ọ́ lé ọkọ lọ́wọ́. Èmi á dúró ti àwọn adìyẹ.

Ilé tí o ń wọ̀ á gbà ọ́, kò sì ní jẹ́ ilé tí wàá ti máa fi ẹ̀jẹ̀ rẹ pamọ́.

Èmi ni bàbá ẹ̀yin méjèèjì,
Heliodoro