Ilé Ìwé Tó Gba Ọmọ Adití ní Òdìkejì Ọ̀sà

Bàbá mi àtàtà,

Mo kí yín láti Ẹ̀pẹ́, níbi tí iṣẹ́ ìjọba gbé mi wá lẹ́yìn tí ẹ fi wá sílẹ̀. Àlàáfíà la wà. Màámi ṣì wà ní Ìgbògbò, nínú yàrá yín yẹn náà, orúnkún ló kàn ń dà wọ́n láàmú. Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó irinṣẹ́ káfíńtà yín kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí mo bá lọ kí wọn, ọwọ́ la ṣì fi ń sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ, bí ẹni pé ẹ jókòó tì wá.

Ẹ ò mọ̀wé kà, mo sì ń kọ̀wé sí yín. Ṣé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó lè kà á fún yín? Àbí etí yín ti là ní Àlùjánnà, tí ẹ ti ń gbọ́ ohùn mi? Ṣé ó rí bí ẹ ṣe rò ó? Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo bá ń ka Kùránì, ẹ máa ń gbé ìka lé mi lọ́fun, ẹ ó dijú, ẹ ó sì máa mi orí. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé kì í ṣe gbogbo bàbá ló ń gbọ́ kéwú ọmọ rẹ̀ báyẹn.

Ìròyìn tí mo fẹ́ fún yín rèé. Ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní kí àwa mélòó kan lọ ṣètò bí gbogbo ọmọ tó wà láwọn abúlé òdìkejì ọ̀sà ṣe máa rí ilé ìwé lọ. Ibẹ̀ jìnnà, ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń débẹ̀, tíṣà tí wọ́n bá sì gbé lọ kì í pẹ́ tó fi ń sá padà. Ohun tí a gbé lọ́wọ́ lọ ni pé ká ti ilé ìwé kékeré tiwọn, ká máa fi ọkọ̀ kó àwọn ọmọ wá sí ilé ìwé ńlá kan ní Ẹ̀pẹ́. Lójú wa, ó dáa bẹ́ẹ̀.

A débẹ̀, a jókòó lábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n fi pákó kàn sórí omi. Àwọn òbí yarí. Ta ló máa gbé ọmọ kékeré sójú ọ̀sà nígbà òjò? Ọ̀gá mi, obìnrin onísùúrù kan, gbọ́ wọn tán, ó wá béèrè bóyá ọmọ kan wà tí kì í lọ sílé ìwé rárá.

“Kò sí o,” ni Baálẹ̀ dáhùn. “Gbogbo wọn ló ń lọ.”

Àmọ́ mo ti rí ọmọbìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń tún àwọ̀n ṣe. Ẹnu ló ń wò. Á wo ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀, á sáré wo ti ẹlòmíì. Bàbá mi, ojú yín ni mo rí lójú ọmọ yẹn. Mo fẹsẹ̀ lu pákó, bí a ṣe máa ń pè yín nílé. Ó yíjú sí mi kíá. Mo fọwọ́ bi í bóyá ó ti jẹun. Ọwọ́ tirẹ̀ ò rí bíi tiwa, síbẹ̀ ó yé e. Ó fi ìka ya ẹja sínú afẹ́fẹ́, ó di ọrùn ara rẹ̀ mú bí ẹni tí eegun há lọ́fun, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo èèyàn ń wò wá.

Ìyá rẹ̀ sáré bọ́ síta. “Ẹ má bínú. Morẹ́nikẹ́ ò gbọ́ràn ni. Ìyẹn la ò ṣe kà á mọ́ wọn.”

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi láyà. Ọkùnrin kan lára àwa tá a jọ lọ wá ní, “Ṣé torí ọmọ adití kan ṣoṣo la fẹ́ da ètò rú?”

Mo ti dìde kí n tó mọ̀. “Bàbá mi ò jókòó ní kíláàsì rí láyé wọn,” ni mo sọ, “torí pé wọn ò gbọ́ràn. Àwọn náà ló kan bẹ́ńṣì tí èmi àtàwọn ẹgbẹ́ mi jókòó lé kàwé. Lọ́jọ́ tí wọ́n kó o wá, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí, wọ́n ń wo pátákó ìkọ̀wé títí a fi jáde. Kí la jèrè níbẹ̀, pé a ò gbà wọ́n wọlé?”

Obìnrin kan dìde lẹ́yìn. “Èmi náà ní ọ̀kan nílé. Ojú ni tiẹ̀.” Bàbá kan ní ẹsẹ̀ ni ti ọmọ tòun. Baálẹ̀ dorí kodò. Ọ̀gá mi ká ìwé ètò wa. “Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe,” ló wí. “Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí la máa ti bẹ̀rẹ̀.”

Kò parí lọ́jọ́ kan. A lọ, a bọ̀, a jiyàn. Àmọ́ ilé ìwé abúlé náà ò ní kúrò níbẹ̀ mọ́, wọ́n sì ti fẹ afárá pákó rẹ̀ kí ọmọ tí kò lè rìn dáadáa lè gbà á kọjá. Tíṣà kan láti Ìkòròdú, tí àbúrò rẹ̀ jẹ́ adití, ti ń gbébẹ̀. Àwọn ará abúlé ló fún un ní yàrá. A ò tíì rí olùkọ́ fún ọmọ tí kò ríran. Mi ò ní fi í sílẹ̀.

Ẹ ṣeun, Bàbá mi. Àwọn èèyàn ń pè yín ní odi lójú mi, ẹ̀yin sì ń dì mí lọ́wọ́ mú gba àárín wọn kọjá, ẹ ń rìn bí ọba. Ẹ ò jẹ́ kí n mọ̀ pé nǹkan ìtìjú wà níbẹ̀. Ibo ni mi ò bá ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rí ọmọ tí kò lè pariwo?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ wo kíláàsì Morẹ́nikẹ́ láti ojú fèrèsé. Tíṣà kọjú sí pátákó, ó ń kọ̀wé. Kò sí ìró kankan. Àmọ́ lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo kíláàsì ń fọwọ́ sọ̀rọ̀, àtẹni tó ń gbọ́ràn àtẹni tí kò gbọ́, òfófó ń lọ láti bẹ́ńṣì dé bẹ́ńṣì, Morẹ́nikẹ́ ló sì ń darí rẹ̀. Tíṣà yíjú padà lójijì. “Ariwo yín pọ̀ jù!” ló wí, ó sì fi ọwọ́ sọ ọ́ pẹ̀lú. Morẹ́nikẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ní kó dìde dúró fún ariwo.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Èmi ni, ọmọ yín tí ẹ fi ọwọ́ kọ́ ní ọ̀rọ̀ sísọ.