Ìkẹ́dùn Ikú Bàbá Mọ́nsúrù Àyànníyì, àti Ọ̀rọ̀ Bọ́ńpà Tí Wọn Kò Jí

Láti ọ̀dọ̀ Ẹgbẹ́ Mẹkáníìkì Ìkirè àti Àpòmù
Sí Alàájà Fàsílátù Àyànníyì àti gbogbo ẹbí, Àpòmù

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, àti ìtìjú tí a kò rí ibi fi pamọ́ sí, ni Ẹgbẹ́ wa fi ń bá yín kẹ́dùn ikú ọkọ yín, Bàbá Mọ́nsúrù Àyànníyì, tí wọ́n jáde láyé lọ́sẹ̀ tó kọjá. A bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ kí a ka lẹ́tà yìí sókè níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ, nítorí ìta gbangba la ti bà wọ́n lórúkọ jẹ́. Alága wa tẹ́lẹ̀, Jímọ́ọ̀ Abdulrazaq, ló ní kí a sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, kí a má sì fi ọ̀wọ̀ kankan kún orúkọ òun nínú rẹ̀.

Mẹkáníìkì wo ló wà láti Aṣéjìrè dé Gbọ̀ngán tí kò mọ iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá Mọ́nsúrù? Wọ́n á dorí kodò sórí ẹ́ńjìnnì, wọ́n á tẹ́tí, wọ́n á ní, "Irọ́ ló ń pa, ibòmíì ló ti ń dùn ún." Bẹ́ẹ̀ náà ló sì máa ń rí. Àwọn ló fi òfin lélẹ̀ nínú ẹgbẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọdọ̀ fi awakọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ sílẹ̀ lójú títì, ìbáà mọ̀ ọ́n rí tàbí kò mọ̀ ọ́n rí.

Lọ́dún 1988, ọ̀gá ilé ìwé kan ní Ìkirè, olóògbé Titus Ọmọ́tóyọ̀sí, gbé ọkọ̀ eré kan tó ń jẹ́ MGB wá fún wọn tún ṣe. Ọkọ̀ pupa ni, kékeré, onílẹ̀kùn méjì, orí rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn, ìdarí rẹ̀ sì wà lápá ọ̀tún bí ó ṣe máa ń rí nílùú òyìnbó. Láti ibẹ̀ ni ọ̀gá náà ti mú un bọ̀ lọ́dún 1976 nígbà tó kàwé tán. Àìsàn ò jẹ́ kó padà wá gbé e. Nígbà tó kú, ìyàwó rẹ̀, Ìyá Susannah, ní kí Bàbá Mọ́nsúrù gba ọkọ̀ náà, kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀, òun sì kó lọ sí Iléṣà.

Ibẹ̀ ni Jímọ́ọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Ó ti bá dókítà kan ní Ifẹ̀ tún irú ọkọ̀ yẹn ṣe rí. Ti dókítà ní bọ́ńpà irin tó ń dán yanran níwájú àti lẹ́yìn, bátìrì kéékèèké méjì wà lẹ́yìn ìjókòó rẹ̀, ó sì sún mọ́lẹ̀ dáadáa. Èyí tó wà lọ́dọ̀ Bàbá Mọ́nsúrù, rọ́bà dúdú ni bọ́ńpà rẹ̀, bátìrì kan péré ló ní, ó sì ga. Jímọ́ọ̀ yí i po lẹ́ẹ̀mẹta, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka ta rọ́bà náà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, irin ibí yìí dà?"

Wọ́n ní bí ó ṣe dé ọwọ́ àwọn nìyẹn.

"Hẹn-ẹn," ni Jímọ́ọ̀ wí, ó sì gba ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tí Bàbá Mọ́nsúrù ṣe tí kò di ẹ̀rí. Wọ́n fi tapólì bo ọkọ̀, a ní wọ́n ń fi ẹ̀rí pamọ́. Wọ́n ká tapólì kúrò, a ní wọ́n ń ṣàfojúdi. Wọ́n lọ ra ọ́ìlì n'Íbàdàn, Jímọ́ọ̀ ní irin ni wọ́n lọ tà. Wọ́n dákẹ́, a ní ẹ̀rí ọkàn ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ìgbìmọ̀ ní wọ́n jí bọ́ńpà méjì àti bátìrì kan, wọ́n sì pààrọ̀ súpíríǹgì tí ọkọ̀ fi ga bẹ́ẹ̀. A yọ wọ́n nípò igbákejì alága, a fi ọ̀dà kun orúkọ wọn pa lára pátákó ẹgbẹ́. Ẹnì kan nínú wa kò sì ránṣẹ́ sí opó náà n'Íléṣà láti bi í. Jímọ́ọ̀ ní kí a má da ọlọ́fọ̀ láàmú. Ó lé lọ́dún márùndínlógójì báyìí.

Nígbà tí Jímọ́ọ̀ wá kí yín lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, tí ẹ fún un lómi, tó ní òun fẹ́ rí irinṣẹ́ ẹ̀gbọ́n òun, irọ́ ló pa fún yín, Ìyá. Bọ́ńpà ló ń wá nínú yàrá ẹ̀yìn yẹn. Ó tú gbogbo rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Bó ṣe ń jáde ni Ìyá Susannah wọlé, ọmọ wọn Fọláṣẹwà dì wọ́n lọ́wọ́ mú, wọ́n ní kí àwọn dá ìwé ìléwọ́ ọkọ̀ náà padà fún ẹni tó ni ín. Àwòrán kan wà nínú rẹ̀: ọ̀gá Titus ní èbúté Àpápá, lọ́dún 1976, ó fẹ̀yìn ti ọkọ̀ tuntun. Rọ́bà dúdú ni bọ́ńpà rẹ̀.

Jímọ́ọ̀ ò kọ́kọ́ gbà. Ó ní ayédèrú ni àwòrán náà, pé kí ni fóònù ayé òde òní ò lè yà! Ó mú ìwé náà, ó lọ wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ àti èyí tí wọ́n lù sára irin ọkọ̀. Wọ́n bára mu. Kò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní kí akọ̀wé wá ìtàn ọkọ̀ náà jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kó kà á fún òun.

Ìtàn ọ̀hún rèé. Ìlú Abingdon ní England ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe MGB lọ́dún 1962, wọ́n sì ṣe é kọjá ìdajì mílíọ̀nù kí wọ́n tó dáwọ́ dúró lọ́dún 1980. Bọ́ńpà irin ló ní ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń rà á jù, ṣòfin pé bí ọkọ̀ bá rọra kọlu nǹkan, kò gbọdọ̀ bàjẹ́, iná iwájú rẹ̀ sì gbọdọ̀ ga tó ìwọ̀n kan. Nítorí náà, lọ́dún 1974, àwọn tó ń ṣe é fúnra wọn yọ irin, wọ́n fi rọ́bà dúdú sí i, wọ́n gbé ọkọ̀ sókè. Ní àsìkò kan náà ni wọ́n pa bátìrì méjì pọ̀ di ẹyọ kan. Ti dókítà ti wà kí àyípadà yìí tó dé. Ti ọ̀gá Titus dé lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Jímọ́ọ̀ ní kí a kà á. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó bú sẹ́kún, ó ní, "Ọkùnrin yìí sọ fún wa. Wọ́n sọ fún mi lójúkojú."

A ti kọ orúkọ Bàbá Mọ́nsúrù padà sára pátákó gẹ́gẹ́ bí igbákejì alága, kò sì sẹ́ni tó máa pa á rẹ́ mọ́. Jímọ́ọ̀ ti fi ipò alága sílẹ̀. Bí ẹ bá gbà, àwa ọmọ ẹgbẹ́ yóò tún ọkọ̀ yín ṣe títí yóò fi máa rìn. Bí ẹ bá ní ọwọ́ wa kò gbọdọ̀ kàn án, a gbà bẹ́ẹ̀.

Fáìsátù, ọmọ wọn, a gbọ́ pé "ọmọ bọ́ńpà" ni wọ́n ń pè ọ́ nígbà tí o wà nílé ìwé. Àwa la fún ọ lórúkọ yẹn. Jọ̀ọ́, ọmọ wa, má bínú. Bí o bá sì bínú, o jàre.

Kí Ọlọ́run tó mọ̀ láti ọjọ́ kìíní pé ọwọ́ wọn mọ́ tù yín nínú, kó fi Àlùjánnà kẹ́ wọn, kó sì jẹ́ kí àwa tó kù láyé lè wò yín lójú.

Ayọ̀kúnlé Fákúnlé, Akọ̀wé,
lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́