Àlàyé Tó Ń Jò

Olówó orí mi, Kò-Gbọdọ̀-Jò! Ọdún mẹ́rin rèé tí o jáde nílé láàárọ̀, tí o kò padà wọlé mọ́. Ọdún mẹ́rin!

Ṣọ́ọ̀bù rẹ ò tì. Àkọ́bí wa obìnrin ló ń jó irin níbẹ̀ báyìí. Bí o ti ń ṣe náà ló ń ṣe: táǹkì kan ò ní kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé ó bu omi kún un fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, kó fi ẹfun kun ojú ibi tó ti jó irin pọ̀, kó wò ó bóyá yóò tutù. Oníbàárà tó bá ń kánjú, á ní kó lọ ra korobá.

Ọmọ tó bá purọ́ nílé, wàá ní kó gbé àlàyé rẹ̀ wá ká bu omi sí i. O ní èyí tí àwa ń pè ní ọ̀rọ̀ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, òyìnbó á ní ó gba omi dúró. O ní ara ohun èlò ni wọ́n ti mú un: ìkòkò tó sán lè máa dán gbinrin, àfi kí o bu omi sí i kó o tó mọ̀. Àbíkẹ́yìn wa á máa wo ilẹ̀ bóyá omi ti ń kán lóòótọ́!

Èmi tí mo gbọ́ ọ fún ogún ọdún, èmi ni mo gbàgbé. Ilé-iṣẹ́ tó pè ọ́ wá tún táǹkì òróró ṣe ní ìwọ lo dá wọ inú rẹ̀ láìgbàṣẹ, tí èéfín fi pa ọ́. Mo fọwọ́ sí ìwé wọn. Látìgbà náà ni àdúgbò ti ń sọ pé àìgbọràn ló pa ọ́. Ìwọ tó máa ń yẹ nǹkan wò lẹ́ẹ̀mẹta! Ìwọ!

Àkọ́bí wa yìí ló bu omi sí i. Lóṣù tó kọjá ló ka ìwé náà, tó rí i pé inú rẹ̀ kan náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ọwọ́ ọ̀gá ibẹ̀ nìkan ni kọ́kọ́rọ́ ẹnu táǹkì máa ń wà. Ó bi mí pé ta ló wá ṣí i fún ọ. A wá aṣọ́nà wọn àtijọ́ lọ. Ó bú sẹ́kún, ó ní ọ̀gá ló ṣí i, pé o bẹ̀ ẹ́ kí atẹ́gùn kọ́kọ́ fẹ́ sí i, ṣùgbọ́n ọ̀gá ní iṣẹ́ ò gbọdọ̀ dúró.

Lọ́la la ń lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́. Wọ́n á bi mí ìdí tí mo fi fọwọ́ sí i. Mo ti ń sọ fún ara mi pé ẹkún ni kò jẹ́ kí n ríran. Mo bu omi sí ìyẹn náà, ó ń jò. Mo mọ̀ lọ́kàn mi lọ́jọ́ náà pé irọ́ ni. Wọ́n ní bí n ò bá fọwọ́ sí i, òkú rẹ ò ní kúrò lọ́dọ̀ àwọn, ẹ̀rù sì bà mí. Ohun tí màá sọ nìyẹn, ojú ì báà tì mí.

Dárí jì mí, ọkọ mi. Àárò rẹ ń sọ wá lójoojúmọ́, a sì fẹ́ràn rẹ bí ọjọ́ tí o lọ. Bu omi sí ìyẹn, kò ní jò.