Afẹ́fẹ́ Tó Ń Wúkọ́

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ọkọ rẹ ń jẹun? A ò ní gbúròó ara wa nínú ẹkún. Ìyá rẹ ń kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti ń gbọ́ oògùn, ewúrẹ́ rẹ̀ sì ti bí méjì.

Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ tí o fi sọ́dọ̀ wa ni mo fẹ́ sọ. Tíṣà wọn ní kí wọ́n fi bébà àti òwú ṣe wíìlì kékeré tí afẹ́fẹ́ á máa yí, kí òwú náà lè fa ife bébà kan sókè. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ṣe ń fi afẹ́fẹ́ tan iná mànàmáná. Èmi tí mo ti ń fún táyà láfẹ́fẹ́ láti ọgbọ̀n ọdún, ṣé ẹnì kan wá sọ pé iná tàn nínú táyà òun rí? Mo ṣáà mú bíírò, torí fọ́ọ̀mù kan wà tí àgbà ilé ní láti bá a kọ. Wọ́n ní báwo ni afẹ́fẹ́ ilé yín ṣe le tó, mo kọ ọgbọ̀n, torí iye tí mo máa ń fún mọ́tò kékeré nìyẹn, mo ní bó bá jẹ́ ti lọ́rì, kí wọ́n wá sí ṣọ́ọ̀bù.

Àfi bí afẹ́fẹ́ ṣe kọ̀ tí kò fẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ewé kan ò mì. Ọmọ jókòó ti ife rẹ̀, ó ń sunkún pé òdo ni tíṣà máa fún òun, mi ò sì lè fara da ẹkún yẹn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo kọ́kọ́ dọ́gbọ́n rán an lọ pọn omi, mo gbé ẹ̀rọ tí mo fi ń fún táyà jáde, bí mo ṣe tú u báyìí, wíìlì, ife àti gèlè ìyá rẹ, orí òrùlé la ti lọ kó wọn. Lọ́jọ́ kejì mo mú abẹ̀bẹ̀, mo yọ́ lọ sẹ́yìn fèrèsé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Wíìlì yí, ife gòkè, ọmọ fò sókè, inú mi dùn débi pé mo gbàgbé apá tó ń ro mí, mo sì ń fẹ́ ẹ lójoojúmọ́ láti ìgbà náà.

Ọ̀rọ̀ wá bẹ́yìn yọ. Ó kọ sínú ìwé rẹ̀ pé afẹ́fẹ́ ilé bàbá àgbà máa ń dé ní aago mẹ́rin lẹ́yìn oúnjẹ, pé ó máa ń sinmi, pé ó sì máa ń wúkọ́. Tíṣà ní òun ò rí irú ẹ̀ rí, pé lọ́jọ́ Ẹtì òun ń kó gbogbo kíláàsì bọ̀ wá wò ó. Ọmọ rẹ sì ti ń yan kiri pé afẹ́fẹ́ fẹ́ràn òun. Bí kò bá wá fẹ́ lọ́jọ́ náà, ibo ni yóò fi ojú sí?

Nítorí náà, jọ̀ọ́, fi owó fáànù ránṣẹ́. Kò síná níbí, torí náà fi ti jẹnẹrétọ̀ kékeré àti epo rẹ̀ kún un. Jẹnẹrétọ̀ á yí fáànù, fáànù á yí wíìlì, wíìlì á wá tan iná fún wa, a ò sì ní ra epo mọ́ láéláé. Ìyá rẹ ní ọpọlọ mi ti ń jò, bá mi bi àwọn ẹnjiníà ibi iṣẹ́ rẹ. Fi owó ìpara apá sí i.

Má sì pè mí ní òpùrọ́. Nígbà tí o ń kọ́ kẹ̀kẹ́ gígùn, tí o ń pariwo pé o ti mọ̀ ọ́n, ta lo rò pé ó di ìjókòó mú lẹ́yìn rẹ? Bí owó náà ò bá tètè dé, ìyá rẹ tó ń bú mi ti ra abẹ̀bẹ̀ tirẹ̀, ó ní òun á gba fèrèsé kejì.

Kò ní rẹ ẹni tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọ lẹ́yìn, títí wàá fi gòkè. Àmín.

Èmi ni, bàbá rẹ.