Orúkọ tí Mo Sọ Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Èmi ọmọ yín kúnlẹ̀ ní Ṣakí níbí, mo kí yín, mo kí Bàbá, mo kí Bọ̀dá Lásísì tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Mo tún fi í ránṣẹ́ sí àwọn oníwèé ìròyìn pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, torí pé ọkọ mi máa ń ra ìwé ìròyìn Yorùbá níbikíbi tí lọ́rì rẹ̀ bá dúró sí. Bó bá wà níbì kan, kó rí i kà.

Kò tíì dé. Ó kó iṣu lọ sí Kánò nígbà tí iṣu tuntun jáde, ọyẹ́ ti dé báyìí, a ò gbúròó rẹ̀. Awakọ̀ kan ní òun rí lọ́rì rẹ̀ ní Jẹ́bà, tó bàjẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Òmíràn ní lọ́rì ẹlòmíì nìyẹn. Nígbà àkọ́kọ́, àyà mi ń já bí mo bá gbọ́ ìró ọkọ̀. Kì í já mọ́. Mò ń bó ẹ̀gúsí, mò ń tà á, owó rẹ̀ ń bọ́ wa. Mò ń gbálẹ̀, mò ń kírun. Ẹ béèrè bóyá mò ń sunkún. Rárá o. Gbogbo ara mi dà bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé títí tó fi kú.

Ohun kan ṣoṣo tí mo ṣì ń mọ̀ lára ni ẹnu Eyínfúnjowó, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí ọkọ wọn kú tí wọ́n padà sílé bàbá wọn. Láti ìgbà tí àbúrò wọn ò ti dé, kò sí ohun tí mo ṣe tó dára. Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á ní mò ń yan àwọn lódì. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ọkọ mi ò sí nílé, ẹnu mi ń yá. Mò ń ṣe sùúrù. Kì í ṣe pé mo níwà tó bẹ́ẹ̀, okun ìjà ni kò sí lára mi.

Ẹ rántí pé ẹ̀yin lẹ kìlọ̀ fún mi nígbà tí wọ́n ń mú mi bọ̀ wá sílé ọkọ, pé ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé lórúkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Pé kí n wo ojú oníkálukú, kí n sọ ọ́ lórúkọ tó bá a mu. Lọ́jọ́ náà, ojú gbogbo àwọn yòókù le, àfi ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tí eyín wọn hàn láti ìgbà tí mo wọlé títí a fi jẹun tán. Inú mi dùn pé ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mo sọ wọ́n ní Eyínfúnjowó. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò rí eyín náà mọ́. Ọkọ mi ló wá ṣàlàyé pé akokoro ló ń jẹ wọ́n lọ́jọ́ náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú, ètè wọn ò lè pàdé. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Orúkọ ti mọ́ wọn lára nígbà náà, ó ní kí n bo àṣírí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kànga ilé wa gbẹ. Ìsun ẹsẹ̀ àpáta la ti ń pọnmi, omi ń sun díẹ̀díẹ̀, ẹnì kan á fi igbá bu tirẹ̀ tán kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Eyínfúnjowó dúró lẹ́yìn mi, wọ́n ń bá gbogbo èèyàn wí: ẹni yìí ń rú omi, ẹni yẹn ti korobá àwọn. Ó sú ìyàwó alágbẹ̀dẹ àdúgbò wa. Ó bi mí lójú gbogbo èèyàn pé eyín wo gan-an ni mo rí tí mo fi sọ wọ́n ní orúkọ yẹn. Gbogbo wọn ń retí ìjà.

Èmi náà ò mọ ohun tó ṣe mí. Mo rọra sọ òtítọ́: akokoro, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú, ayọ̀ òmùgọ̀ ìyàwó tuntun. Mo ní ọkọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di ikùn mú, ó ń bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n òun gbọ́. Nígbà náà ni Eyínfúnjowó bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi, mo rí eyín náà. Èyí tó dùn wọ́n nígbà yẹn ti yọ, àlàfo rẹ̀ ló kù. Wọ́n ní kí n tún sọ bí àbúrò àwọn ṣe jókòó sílẹ̀. Mo tún un sọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún, wọ́n sì di èjìká mi mú kí wọ́n má bàa ṣubú sínú omi. Àwọn obìnrin yòókù ní kí á pọn tiwa ṣáájú.

Èmi ò tíì sunkún o. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún ní iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀ mi. Mo bi wọ́n pé ṣé akokoro ti padà dé ni. Wọ́n yára fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ẹ ní Bọ̀dá Lásísì ń bọ̀ wá mú mi padà sí Adó-Àwáyè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rán wọn. Ìyàwó ló ń pe ọmọ ilé ní irú orúkọ yìí, èmi nìkan sì ni ìyàwó tó kù nílé yìí. Bí mo bá lọ, kò sẹ́ni tí yóò máa pè wọ́n ní Eyínfúnjowó mọ́.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kí ara Bàbá le, kí òjò tètè rọ̀ sí oko wọn. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àti ẹnikẹ́ni tó bá béèrè mi. Eyínfúnjowó jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, wọ́n ní kí n kí yín. Wọ́n ní bí àbúrò àwọn bá rí i kà, kó mọ̀ pé àwọn ti gbọ́ àṣírí. Kó máa bọ̀ wálé wá jẹ ìyà rẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Sàlámátù