Ovide àti Aṣọ́lé Òkè Wa

Ọjọ́ Ajé, 9 oṣù Kẹfà

Sáà họ́kì orí yìnyín ti parí láti oṣù Kẹrin, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn ará Limoilou, àdúgbò wa, kò gbọ́. Orí káńtà Rosaire, ọ̀gá mi tó ń ta ọ̀dùnkún díndín, ni wọ́n ti ń gbá a báyìí. Èmi ń gé ọ̀dùnkún lẹ́yìn. (Ibẹ̀ ni mo wà láti ìgbà tí ilé-ìwé ti lé mi. Mo fi ohùn ọ̀gá àgbà kéde ìsinmi lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Gbogbo wọn lọ sílé, tíṣà pàápàá.)

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀: Veikko, aṣọ́lé àwọn Ìkookò, ẹgbẹ́ họ́kì wa, ọmọ Finland. Àdéhùn rẹ̀ máa parí ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje. Òkè wa ló ń gbé, orí mi ló ń rìn lé láràárọ̀. Tí ẹgbẹ́ ò bá tún mú un, ó lọ nìyẹn.

Àǹtí Jocelyne awabọ́ọ̀sì: “Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì! Orúnkún ẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Owó tí wọ́n ń san fún un, ẹ lè fi mú ọmọdé méjì, kí ṣéńjì tún kù.”

Rosaire: “Ọmọdé méjì nínú àwọ̀n kan? Kí wọ́n máa di ara wọn lọ́wọ́ mú?”

Jocelyne: “Ṣé ẹ ò rí i ni? Tó bá lọ gbá lóde ìlú, ògiri ni. Tó bá dé ilé, tí gbogbo wa ń jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ fún un, ó máa ń gba góòlù bí ẹni ń gba àdúrà. Ojú wa ló ń tì í!”

Mo ń gé ọ̀dùnkún mi lọ, mo ń ro nǹkan kan. Ó yẹ kí ìyẹn gan-an bà wọ́n lẹ́rù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 oṣù Kẹfà

Mo pe rédíò! Ètò Clermont — Ọ̀fun-Oyin ni mo ń pè é — agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, níbi tí gbogbo ìlú ti ń yan ẹni tí wọ́n máa rà pẹ̀lú owó tí kì í ṣe tiwọn.

Inú ilé ìwẹ̀ ni mo wọ̀. Mo di arúgbó ọmọ ọgọ́rin ọdún, ẹnu láìsí eyín. Ovide ni mo pe ara mi. Ìmí ẹ̀dùn Rosaire, ìfàgùn-ọ̀rọ̀ ẹni tó ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì wa, ikọ́ olóògbé bàbá àgbà. Mo pò ó pọ̀, ó dì.

“Clermont ọmọ mi,” ni mo wí. “Ẹni tó ta ajá rẹ̀ torí pé eyín ajá ti gbó, olè ló máa kọ́kọ́ kí i kú ọjà.”

Ọ̀fun-Oyin rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. “Bàbá, ẹ tún pè wá lọ́la o!”

Ní ilé ìdáná, Màmá àgbà Gaétane dúró pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́. Kọ́là aṣọ ti fẹ́ jó. Rédíò ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 12 oṣù Kẹfà

Veikko mú mi lọ sí pápá yìnyín abẹ́lé tí wọ́n ń lò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta kan ń gbá, èmi jókòó lẹ́yìn àwọ̀n, lẹ́yìn gíláàsì.

Bí mo ṣe máa kọ ọ́ ni mi ò mọ̀. Rọ́bà dúdú tí wọ́n ń gbá yẹn ń bọ̀, ojú mi ò rí i, ariwo rẹ̀ nìkan — ó ti wà nínú ìbọ̀wọ́ Veikko. Kò fò. Kò sáré. Ó kàn ṣí ọwọ́ síbi tí rọ́bà fẹ́ gbà, bí ẹni ṣílẹ̀kùn fún àlejò tó ti ń retí. Kí ẹni tó fẹ́ gbá a tó gbé ọ̀pá, Veikko á ti dárúkọ rẹ̀. Ó máa ń tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí adìyẹ tó rí kòkòrò. Jocelyne ní ìgbéraga ni.

Mo la ẹnu sílẹ̀. Èmi! Ẹnu mi tí kì í dúró.

Ọjọ́ Àìkú, 15 oṣù Kẹfà

Màmá àgbà kun ètè kí agogo mẹ́rin tó lù. Nítorí rédíò. Olúwa, kí ni mo dá sílẹ̀ yìí?

Ọjọ́rú, 18 oṣù Kẹfà

Ojoojúmọ́ ni Ovide ń pè, ìlú ti ya wèrè. Rosaire ti kọ “Ọ̀dùnkún Ovide” sára ògiri. Ọ̀dùnkún díndín, wàràkàṣì àti ọbẹ̀ ẹran bíi ti tẹ́lẹ̀ náà ni, ó kàn tún gbówó lé e.

Lónìí Jocelyne fi fóònù tirẹ̀ pe Clermont láti orí káńtà, ó ní òun fẹ́ bá Ovide fa ọ̀rọ̀ náà. Ovide wà nínú yàrá ọ̀dùnkún, ó jókòó lórí àpò, fóònù létí, ìgbésẹ̀ mẹ́fà sí i.

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ ó máa san owó Veikko ni?”

“Ọmọ mi, èló ni wọ́n ń san fún ẹ láti wa bọ́ọ̀sì?”

“Kò tó!”

“Tí orúnkún rẹ bá ń dún ńkọ́, ká gba bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ rẹ?”

Ṣọ́ọ̀bù hó yèè. Jocelyne ní, “Ẹ wá síbí, ẹ̀yin bàbá yìí, ká sọ ọ́ lójú ara wa!” “Ẹsẹ̀ mi ni, ọmọ mi, ẹsẹ̀ mi.” Mo jáde pẹ̀lú garawa ọ̀dùnkún. Ó wò mí: “Maïka, o gbọ́ nǹkan tí arúgbó yẹn ṣe fún mi?” Mo ní mi ò gbọ́ nǹkan kan, omi ń dà.

Ọjọ́ Ajé, 23 oṣù Kẹfà

Ẹni tó ni ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ bọ́ sórí rédíò. Ará ìlú ti sọ̀rọ̀, ó ní. Ọdún mẹ́ta ni àwọn máa fi lọ Veikko, owó rẹ̀ á sì lé sí i. Tó bá ti fẹ́, kó tọwọ́ bọ̀wé ní ọjọ́ kìn-ín-ní.

Èmi ni! Èmi tí wọ́n ní n kò ní wúlò! Mo jó yí ẹ̀rọ ọ̀dùnkún ká. Rosaire rò pé òróró gbígbóná ló ta sí mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 oṣù Kẹfà

Ọdún Jòhánù Mímọ́, àsíá aláwọ̀ búlúù níbi gbogbo. Veikko ń yan sọ́séèjì lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn. Mo ń kọjá lọ.

“Ovide, jókòó.”

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Mo bi í bó ṣe mọ̀.

“Kí o tó ṣe ìkà, o máa ń fa èémí kékeré kan simú. Ó ti di ọdún méjì tí mo ti ń gbọ́ ọ lórí àtẹ̀gùn yìí. Ovide náà ń fà á.”

Lẹ́yìn náà ó ní kí n lọ dúró lápá òsì òun, kí n na ìka sókè. Mo na mẹ́rin. Ó ní, “Mi ò mọ̀.” Mo sún mọ́ ọn. “Mi ò mọ̀, Maïka.” Mo gbé ọwọ́ dé ibi tí ìpéǹpéjú rẹ̀ fẹ́ kàn án. Kò ṣẹ́jú.

Láti oṣù Kọkànlá ni. Ojú òsì kú lójijì bí iná ilé. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí dókítà ẹgbẹ́ ń yẹ ojú wọn wò, ẹni tó ṣáájú rẹ̀ ka lẹ́tà ara ògiri sókè, Veikko há a sórí níbi tó dúró sí.

Gbogbo ìgbà òtútù yẹn! Etí ló fi ń ṣọ́lé. Irin bàtà tó ń gé yìnyín, ó mọ ẹsẹ̀ tó ni ín. Ọ̀pá tó ń kan ilẹ̀, ó mọ ibi tí rọ́bà máa gbà. Ẹni yìí máa ń pòṣé kó tó gbá a, ẹni yẹn máa ń mí.

Nígbà náà ló sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò lè gbé mì. Lóde ìlú, tí ẹnikẹ́ni kì í pariwo orúkọ rẹ̀, ó ń gbọ́. Nílé, tí gbogbo wa bá bẹ̀rẹ̀ sí í jan ẹsẹ̀, tí a ń pariwo orúkọ rẹ̀ nítorí ìfẹ́ — etí rẹ̀ á di. Òkùnkùn á bo apá òsì. Góòlù á wọlé.

Àwa ni. Jocelyne, Rosaire, èmi. Àwa là ń gbá a wọlé fún wọn.

“Mo ti fẹ́ lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́,” ó ní. “Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ bí gbogbo yín ṣe ń pè mí. Mo ti ń rò ó pé n ó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Rọ́bà kan tí mi ò gbọ́, ojú kejì náà tán.” Ó yí sọ́séèjì padà. “Má sọ fún wọn. Mi ò fẹ́ káwọn èèyàn máa fi àánú kí mi.”

Kò ní kí n ṣe nǹkan kan. Ó bu sọ́séèjì fún mi. Kò ṣeé jẹ.

Ọjọ́ Ẹtì, 27 oṣù Kẹfà

Mo fi aṣọ di ojú òsì láti àárọ̀. Mo kọlu ilẹ̀kùn. Mo kọlu Rosaire. Mo gé ìka. Òun sì dúró níwájú nǹkan tó ń sáré ju ọkọ̀ lọ.

Mo lọ síbi yìnyín, mo di ojú méjèèjì. Mo jókòó pẹ́. Àwọn ọmọ kéékèèké ń gbá a. Nígbà tó yá mo gbọ́ ọ: ẹlẹ́sẹ̀ wúwo kan, apá ọ̀tún, ó fẹ́ gbá a… ó gbá a. Ara mi ṣe wìnnìwìnnì bí ẹni wọ ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣófo.

Ọjọ́ Àìkú, 29 oṣù Kẹfà

Mi ò pe rédíò. Clermont bẹ Ovide lórí afẹ́fẹ́. Màmá àgbà nu ètè rẹ̀ nù.

Ọjọ́ Ajé, 30 oṣù Kẹfà

Ovide pè láti yàrá ọ̀dùnkún.

“Clermont, èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ ariwo yìí, èmi ni kí n pa á. Ọkùnrin yẹn ti dúró síwájú àwọ̀n wa fún ọdún mẹ́jọ. Ṣé ẹnikẹ́ni ti bi í pé ṣé ó ti rẹ̀ ẹ́? Ọ̀la ló máa mú ìwé dání, orúkọ rẹ̀ lẹ́nu gbogbo wa. Ta ló lè gbọ́ ohùn ọkàn ara rẹ̀ nínú irú ariwo báyìí? Ẹ jẹ́ ká dákẹ́ fún un. Lẹ́ẹ̀kan péré. Tó bá fẹ́ lọ, ká má fi ìfẹ́ dè é mọ́lẹ̀.”

Jocelyne ti wà lórí fóònù tirẹ̀: “Ọ̀dàlẹ̀! Bàbá, ta ló fún yín lówó ẹ̀yìn? Ṣẹ̀ṣẹ̀ ni mo fẹ́ máa gbà fún yín!”

Lẹ́yìn náà òun náà dákẹ́. Clermont dákẹ́. Rédíò tí kò sọ nǹkan kan — mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Mo yọjú: Rosaire ti pa iná òróró. Jocelyne ti ṣí fìlà. Ọkùnrin kan di ọ̀dùnkún mú ní agbedeméjì àwo àti ẹnu. Lóde, mọ́tò kan dúró, ẹni tó wà á gbé orí lé ọwọ́.

Èmi tí mo ti ń fi ohùn ṣe èèyàn ní gbogbo ayé mi. Mi ò mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó báyìí.

Nílé, Màmá àgbà ń ká aṣọ. Kò wò mí. “Sọ fún Ovide pé kó dá ikọ́ yẹn padà síbi tó ti jí i. Ogójì ọdún ni mo fi sùn tì í.” Lẹ́yìn náà, ní ohùn kékeré: “Ó jọ ọ́ gan-an, ọmọ mi. O ṣeun.”

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 oṣù Keje

Ọjọ́ kíkó ilé, tí àdéhùn ilé gbogbo ìlú ń parí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdajì àdúgbò ń kó jáde, ìdajì ń kó wọlé, fìríìjì lórí gbogbo àtẹ̀gùn. Jocelyne náà ń kó, láti ojúlé kejì sí ojúlé kẹta, bíi ti ọdọọdún.

Lọ́sàn-án gangan, gbogbo rédíò inú ọkọ̀ akẹ́rù sọ ọ́ pa pọ̀: Veikko kò tọwọ́ bọ̀wé. Ó ti fi họ́kì sílẹ̀. Kò sọ ìdí.

Fìríìjì dúró ní agbedeméjì àtẹ̀gùn. Jocelyne jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tó ń gbé, láàárín títì, ó bú sẹ́kún: “Ta ni mo fẹ́ máa bú báyìí? Ẹ sọ fún mi! Ta ni?”

Mo bá Veikko kó ẹrù sọ̀ kalẹ̀. Àpótí tó gbẹ̀yìn, ìbọ̀sẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Ó dúró lẹ́yìn ọkọ̀, apá òsì ló kọ sí mi, ó ń so okùn. Ọwọ́ mi ti mú ìbọ̀sẹ̀ kan, mo ti ká a rúgúdú. Irun àgùntàn ni, kò lè dún nínú afẹ́fẹ́. Mo rántí èémí. Mo dá a dúró pátápátá, àyà mi le bí pákó. Mo jù ú.

Kò yíjú. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kàn gòkè, ó sì ṣí. Ìbọ̀sẹ̀ wọ inú rẹ̀.

Mo ní, “Ẹ ò lè gbọ́ ìyẹn. Mi ò mí! Mi ò mí rárá!”

“Gbogbo títì ló ń pariwo,” ó ní, ó ṣì ń so okùn. “O ò dákẹ́ rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ẹ́. Mo kàn gbọ́ ibi tí ohùn rẹ wà tẹ́lẹ̀, tó ṣófo.”