Àkùkọ Inú Fóònù Kò Tó Mi

Jọláyẹmí àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ. Orúnkún ìyá Kúlúsúmù ti ń san. Ilé mi kejì ní Arkilla, níbí ní Sókótó, ti wọ òrùlé, èmi tí n kò kàwé kọjá púráímárì méjì!

Kúlúsúmù ọmọ mi fi géèmù tẹ́tẹ́ olóko kan sórí fóònù mi. N kì í fowó sí i. Bí àwòrán àkùkọ mẹ́ta bá tò sórí ìlà kan, abà á ṣí, wọ́n á jẹ́ kí n yí i lọ́fẹ̀ẹ́, àgbàdo á máa dà wálẹ̀.

Kúlúsúmù á pariwo pé, "Kai, Bàbá, ẹ ti jẹ bónọ́ọ̀sì!"

Bí àkùkọ yẹn bá ti kọ, oko bàbá wa ni mo ń rí. Sọ fún ẹni tí o ní ó fẹ́ ra oko náà pé Nùrẹ́nì kò tà. Kọ ebè díẹ̀ dè mí. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, mò ń bọ̀. Ọlọ́run á dá wa sí. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ẹlòmíì fi ọkọ́ kan ilẹ̀ náà kí n tó dé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Nùrẹ́nì